Àkàrà Bahia àti Àkàrà Ìyá Àgbà

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí bàbá mi rí iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá sí ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, lórílẹ̀-èdè Bràsíìlì. Àdéhùn ọdún méjì ni. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò wa ní Ilé-Ifẹ̀ gbọ́ pé à ń lọ sí òkè òkun, òtútù ni gbogbo wọn rò. Ìyá kan nínú ìjọ wa tilẹ̀ fún ìyá mi ní kóòtù onírun kan tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i láti Lọ́ńdọ̀nù. A gbé e lọ, a gbé e bọ̀, a kò yọ ọ́ nínú àpótí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni oòrùn Salvador àti ti Badagry. Ìlú etí òkun ni. Òun ni olú-ìlú Bràsíìlì láti ọdún 1549 títí di ọdún 1763, etíkun rẹ̀ sì wà lára ibi tí ọkọ̀ ẹrú ti sọ àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kalẹ̀ jù lọ. Nígbà tó fi máa di ọdún 1888 tí òfin dá gbogbo ẹrú sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nàgó, ti fi ìdí múlẹ̀ nínú ìlú náà débi pé kò sí bí èèyàn ṣe lè sọ ìtàn rẹ̀ kó má dárúkọ wọn.

Bàbá mi ti sọ fún wa kí á tó wọ bàálù pé a óò gbọ́ Yorùbá níbẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ohun tí kò sọ ni pé Yorùbá ọ̀hún á máa tàn wá jẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a débẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí òun àti bàbá mi jọ ń ṣiṣẹ́ pè wá wá jẹun ọ̀sán ní Ọjọ́rú, ó ní àmàlà ni òun máa sè. Àmàlà! Ọjọ́ kẹwàá rèé tí a ti ń jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà, ẹ̀wà àti ìrẹsì. Àbúrò mi ọkùnrin kò jẹun àárọ̀ ọjọ́ náà kí àyè lè wà. Nígbà tí wọ́n ṣí ìkòkò, ilá la rí: ilá gígé wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi edé àti epo pupa sè, òórùn rẹ̀ ń ta sánsán. À ń retí ìkòkò kejì. Ìkòkò kejì dé, ìrẹsì ló wà nínú rẹ̀. Àbúrò mi rọra bi bàbá mi pé, "Dádì, òkèlè dà?" Bàbá mi tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ìgbà tí a délé ló wá ṣàlàyé pé ilá tí wọ́n ń sè fún Ṣàngó ni wọ́n ń pè ní amalá ní Bahia, Ọjọ́rú sì ni ọjọ́ Ṣàngó lọ́dọ̀ wọn. Ó ní bóyá nígbà tí àwọn baba ńlá wọn kò rí èlùbọ́ mọ́ ni orúkọ òkèlè bá sún lọ sára ọbẹ̀. Àlàyé yẹn kò yó àbúrò mi. Ẹkún ló sun sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló tàn wá bẹ́ẹ̀. Acaçá wọn, ẹ̀kọ ni, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n kàn fi ń pọ́n ọn dípò ewé eéran. Abará wọn, mọ́ínmọ́ín elépo ni. Inhame, iṣu ni, iṣu gidi, àmọ́ àárọ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́ ní bíbọ̀, pẹ̀lú bọ́tà tàbí ẹyin, n kò sì rí ẹnikẹ́ni tó ń gún un. Ìyá mi lọ ra odó kékeré kan ní ọjà São Joaquim, níbi tí wọ́n ti ń ta epo pupa, edé gbígbẹ, ìkòkò amọ̀ àti òbúkọ láàyè, tí èèyàn á fi rò pé Odò-Ògbè ni òun wà. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gún iyán, àwọn tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ wa wá kan ilẹ̀kùn, wọ́n ní ṣé ògiri là ń wó ni. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbé odó lọ, àwọn ọmọ àdúgbò á sì péjọ máa wò ó bí ẹni ń wo eré.

Ti farinha ló dùn mí jù. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin tí wọ́n sì yan ni, ó jọ gàrí bí ìbejì ṣe ń jọra. Àbúrò mi da omi tútù àti ṣúgà sí i. Ó kàn wú pẹ̀ẹ̀ nínú abọ́ ni, kò ní kíkan kankan, nítorí èyí tí à ń rà kì í ṣe èyí tí wọ́n jẹ́ kó kan kí wọ́n tó yan án. Bẹ́ẹ̀ apá ibẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀gẹ́ ti wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí ilẹ̀ wa láyé àwọn Potogí. Àwọn ló ni ẹ̀gẹ́, àwa la ni gàrí Ìjẹ̀bú, kálukú mú tirẹ̀.

Ìyá mi náà rí tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde. Èkó ni wọ́n bí i sí, inú ìdílé Àgùdà. Àwọn Àgùdà ni àwọn tí baba ńlá wọn padà wálé láti Bràsíìlì àti Kúbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò ní Bahia lẹ́yìn ọdún 1835, nígbà tí àwọn Ìmàle tó jẹ́ ẹrú àti àwọn tó ti gba òmìnira dìtẹ̀ ní Salvador, tí ojú àwọn aláṣẹ sì wá le sí gbogbo ọmọ Áfíríkà. Wọ́n tẹ̀dó sí Èkó, sí Àjàṣẹ́ àti sí Ouidah. Ní Èkó, bí Ọjọ́ Ẹtì Rere bá dé, frèjọ̀n ni ìdílé ìyá mi ń sè: ẹ̀wà tí wọ́n sè tó rọ̀, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n wá fi omi àgbọn sè kó dùn, tí wọ́n ń fi ẹja jẹ. Ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde àkọ́kọ́ wa, aládùúgbò wa gbé abọ́ kan wá, ó ní feijão de leite ni. Ìyá mi tọ́ ọ wò. Ó tún un tọ́ wò. Ó gbé fóònù, ó pe ìyá rẹ̀ ní Èkó, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbé abọ́ sójú fóònù pé, "Màmá, frèjọ̀n rèé! Frèjọ̀n wa rèé!" Feijão ni Potogí ń pe ẹ̀wà. Etí Èkó ló sọ ọ́ di frèjọ̀n.

Àmọ́ nínú gbogbo oúnjẹ wọ̀nyí, àkàrà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á gbọ́ "àkàrà" àti "jẹ" nínú rẹ̀. Ìyá alákàrà kan wà ní ìkòríta tó sún mọ́ ilé wa ní àdúgbò Rio Vermelho. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló máa ń pàtẹ. Aṣọ funfun báláú, yẹ̀rì oníléèsì tó fẹ̀ bí agbòòrùn, gèlè funfun, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Bí o bá rí i níbi tó ti ń bọ̀, o kò ní mọ̀ pé ìdí epo gbígbóná ló fẹ́ lọ jókòó sí. Irú ẹ̀wà tiwa ni wọ́n ń lò. Wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á bó o, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí i, wọ́n á sì fi ṣíbí onígi lù ú títí á fi fúyẹ́. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, kì í ṣe òróró, wọ́n sì máa ń ju odidi àlùbọ́sà kan sínú epo náà kó má baà jóná. Àkàrà kan tó ìkúùkù àgbàlagbà. Bó bá jiná, wọ́n á fi ọ̀bẹ là á láàárín bí ẹni la búrẹ́dì, wọ́n á wá kó nǹkan sí i nínú: vatapá, tó jẹ́ búrẹ́dì rírẹ tí wọ́n fi edé, ẹ̀pà, èso kaṣú, atalẹ̀, omi àgbọn àti epo pupa rò pọ̀; caruru, tó jẹ́ ilá; tòmátì gígé; àti edé gbígbẹ tòun ti èèpo rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì lèèyàn fi ń gbé e.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ rà á, ó bi mí pé, "Quente?" Gbígbóná ni ọ̀rọ̀ yẹn. Mo wò ó pé ta ni yóò ra àkàrà tútù, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ata ló ń bi mí. Ó bu ata sí i, ó dúró, ó ń wo ojú mi bóyá omi máa bọ́ níbẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán, mo ní kó fi ata kún ti àbúrò mi. Ó pàtẹ́wọ́, ó bi mí níbi tí mo ti wá. Nígbà tí mo ní Nàìjíríà ni, pé Yorùbá ni wá, ó dìde lórí àga, ó gbá mi mọ́ra tòun ti ọwọ́ epo.

Kí n sọ tinú mi: àkàrà ìyá àgbà mi dùn jù ú lọ. Ìyá àgbà ń lọ ata rodo àti àlùbọ́sà mọ́ ẹ̀wà rẹ̀ ni, bí o bá gé e jẹ, ibi gbogbo ni adùn wà. Ti Bahia, òde ni gbogbo adùn rẹ̀ ti ń wọlé. Bí o bá yọ vatapá kúrò, inú rẹ̀ á dákẹ́ rọ́rọ́. Àmọ́ èèpo rẹ̀, tí epo pupa ti jẹ́ kó pọ́n, tó ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́nu, ìyẹn kò ní ẹgbẹ́.

Ìyá àgbà, tó bí bàbá mi, ti ń dín àkàrà ní Sábó, ní Ilé-Ifẹ̀, fún ohun tó lé ní ọdún 30. Owó àkàrà ló fi rán bàbá mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ nílé-ìwé, títí bàbá mi fi jáde ní yunifásítì. Kí á tó lọ sí Bràsíìlì, ọ̀rọ̀ kan ti wà nílẹ̀ nínú ẹbí wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí à ń pè ní Mọ́mì Èkó, àti àbúrò rẹ̀, Dádì Ìbàdàn, fẹ́ kí Ìyá àgbà gbé agbada kúrò ní ẹ̀bá títì. Wọ́n ní ìyá ẹni tó ń lọ kọ́ni ní yunifásítì òkè òkun kì í jókòó sínú èéfín kí ọlọ́kadà máa nawọ́ sí i. Wọ́n á máa fún un lówó lóṣooṣù. Ìyá àgbà dá wọn lóhùn pé, "Nígbà tí ẹ̀ ń jẹ ẹ́ kí ẹ tó lọ sílé-ìwé, ṣé inú yàrá ni mo ti ń dín in?" Bàbá mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dé ná. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yẹn bá wa gun bàálù, ó sì wà lọ́kàn mi ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo bá jókòó ti ìyá alákàrà Rio Vermelho.

Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìtàn àkàrà wọn, bàbá mi sì fi ìwé tì í lẹ́yìn. Àwọn obìnrin tó jẹ́ ẹrú àti àwọn tó ti gba òmìnira ló ń gbé e kiri lórí àtẹ ní ìgboro Salvador, àwọn kan nínú wọn sì kó èrè rẹ̀ jọ, wọ́n fi ra ara wọn padà. Oúnjẹ Ọya ni, bó ṣe jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ òrìṣà ló ń dín in látijọ́. Lónìí, àwọn alákàrà tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wà, àwọn kan nínú wọn kò sì fẹ́ wọ aṣọ funfun, àkàrà Jésù ni wọ́n ń pe tiwọn. Ìjà kékeré kọ́ ni ìyẹn dá sílẹ̀. Ní ọdún 2005, àjọ IPHAN, tó ń tọ́jú ohun àjogúnbá Bràsíìlì, kọ iṣẹ́ obìnrin alákàrà sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe àkàrà nìkan, iṣẹ́ náà ni: ẹ̀wà bíbó, aṣọ, àtẹ, ìjókòó ẹ̀bá títì. Ọjọ́ 25 oṣù Bélú ni ọjọ́ tiwọn lọ́dọọdún. Wọ́n ní ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ náà sì ní eyín. Nígbà tí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti bọ́ọ̀lù ń bọ̀ ní Bràsíìlì lọ́dún 2014, òfin ìdíje náà kò fẹ́ kí ẹni tí kò sí nínú àdéhùn àwọn olùṣètò tajà nítòsí pápá. Pápá Fonte Nova ti Salvador wà lára àwọn tí wọ́n máa lò. Àwọn alákàrà ní kò lè ṣeé ṣe. Wọ́n wọ funfun wọn, wọ́n jáde síta, wọ́n kó ìbuwọ́lùwé jọ, nígbẹ̀yìn wọ́n sì gbà kí wọ́n ta àkàrà níbẹ̀.

Bí mo ṣe ń gbọ́ èyí, inú mi ń dùn, mo ti ń ro bí màá ṣe rò ó fún Mọ́mì Èkó. Àfi bí ìyá alákàrà ṣe bú sẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan tí mo bi í bóyá ọmọ rẹ̀ obìnrin ló máa jogún àtẹ náà. Ó ní ká má rí i. Ó ní nọ́ọ̀sì lọmọ òun ń kọ́. Ó ní ìwé ìjọba dára, ṣùgbọ́n ìwé ìjọba kò ra epo, iye epo sì ń lọ sókè lójoojúmọ́. Ó na apá rẹ̀ sí mi kí n rí àpá epo tó ti ta sí i lára. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo kọ sínú ìwé mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà: pé òun kò fẹ́ kí ọmọ òun jókòó síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí òun dìde níbẹ̀, òun àti onítọ̀hún á jọ rí ara wọn ni.

Ní oṣù Òkúdù ọdún kejì, nígbà ìsinmi, wọ́n pe bàbá mi lọ sọ̀rọ̀ ní Juazeiro, ní àríwá Bahia. Bí 500 kìlómítà ni láti Salvador, òru ni bọ́ọ̀sì fi gbé wa. Ilẹ̀ gbígbẹ ni mo jí bá lójú fèrèsé, ẹ̀gún àti igi kúkúrú, caatinga ni wọ́n ń pè é. Àfi bí odò São Francisco ṣe yọ, tó fẹ̀ lọ salalu, Juazeiro ní etí kan, Petrolina ní etí kejì, afárá láàárín. Bí èèyàn bá kúrò létí odò díẹ̀, oko àjàrà ló máa bá. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ilẹ̀ olótùútù nìkan ni àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì ti ń hù. Níbẹ̀, ìwọ̀n 9 péré ni wọ́n fi jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, oòrùn sì ń ràn bí ẹni ń bínú. Ẹni tó mú wa kiri oko ṣàlàyé pé ní ilẹ̀ olótùútù, òtútù ló ń mú igi àjàrà sùn, ìdí nìyí tó fi ń so lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Nígbà tí òtútù kò sí lọ́dọ̀ tiwọn, omi odò ni wọ́n fi ń darí rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kó sùn, wọ́n á dín omi rẹ̀ kù. Bí wọ́n bá fẹ́ kó jí, wọ́n á gé ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n á ṣí omi. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń kórè. A rí i lójú ara wa: ilẹ̀ kan ń yọ ewé, ìkejì ń tanná, ìkẹta ti pọ́n, gbogbo wọn nínú oko kan náà lọ́jọ́ kan náà. Ó dá mi lójú pé bí mo bá sọ ọ́ fún olùkọ́ ìmọ̀ ọ̀gbìn wa, á ní irọ́ ni.

Omi àjàrà ni wọ́n fún èmi àti àbúrò mi. Wọ́n bu wáìnì sí ife bàbá mi, wọ́n ní kó kọ́kọ́ yí i, kó gbóòórùn rẹ̀, kó má tíì mu ún. Bàbá mi yí i, ó gbóòórùn, ó fi Yorùbá sọ fún ìyá mi pé, "Agbè ì bá ti gbẹ." Ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín pa. Ẹni tó mú wa kiri bèèrè bóyá wáìnì wà lọ́dọ̀ wa. Bàbá mi sọ ti ẹmu fún un: pé igi ọ̀pẹ tí wọ́n ń fi ṣe epo ní Bahia náà ni, pé àárọ̀ ló ń dùn bí oyin, ọ̀sán ló ń le, ọjọ́ kejì ló ń kan, kò sí ìgò tó lè dá a dúró. Ọkùnrin náà ronú díẹ̀, ó ní a jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ mu ún ní láti lọ bá a nílé rẹ̀. Nínú ọdún méjì yẹn, n kò rí adẹ́mu kan ní Bahia, pẹ̀lú gbogbo ọ̀pẹ tó wà níbẹ̀. Epo dúró, ẹmu lọ.

Lálẹ́, a jẹ ẹran ewúrẹ́ sísun ní Petrolina. Àsun ni, àsun tí ẹnì kan gbàgbé ata rẹ̀ sílé. A tún rí adágún Sobradinho, tí wọ́n dí odò láti fi ṣe ní nǹkan bí 50 ọdún sẹ́yìn. Ìlú àtijọ́ mẹ́rin ló wà lábẹ́ omi rẹ̀. Bàbá mi ra ìgò wáìnì kan, ó ní ti Ìyá àgbà ni.

Ọjọ́ Àìkú kejì tí a padà dé Ilé-Ifẹ̀, àwọn ọmọ Ìyá àgbà péjọ sí pálọ̀ rẹ̀. Ọmọdé kì í dá sí ìpàdé àgbà, kí n gbé omi wá ni wọ́n fi pè mí. Mọ́mì Èkó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò sì sọ ọ́ bí ìkà. Ó ní orúnkún Ìyá ń dùn wọ́n, èéfín ti mú ojú wọn, ọjọ́ orí wọn kò sì dínkù. Ó wá sọ èyí tó wà nídìí rẹ̀ gan-an: pé ọ̀gá òun kan níbi iṣẹ́ kọjá ní Sábó, ó ra àkàrà, ó sì padà wá sọ ọ́ ní ọ́fíìsì pé ìyá òun ni òun rà á lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Pálọ̀ dákẹ́. Bàbá mi ní kí n gbé fóònù mi wá.

Mo fi àwọn àwòrán náà hàn wọ́n: ìyá alákàrà Rio Vermelho nínú funfun rẹ̀, àtẹ rẹ̀, àwọn èèyàn tó tò gba ìkòríta kọjá. Bàbá mi sọ ti ọdún 2005, ó sọ ti Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Mọ́mì Èkó ní, "Ọ̀hún nìyẹn, ìjọba ń ṣe é fún wọn." Gbogbo wa wá ń wo ẹnu Ìyá àgbà. Wọ́n ti wọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n gbé fóònù sún mọ́ ojú.

"Epo yìí ti pẹ́ jù lórí iná," ni wọ́n wí. "Àkàrà yìí náà tóbi jù. Ìyá mi, ṣé inú rẹ̀ ń jiná?"

Mo ní ó ń jiná, mà.

"Ta ló ń bá a bó ẹ̀wà?"

Mo ní òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Wọ́n bèèrè iye tí wọ́n ń ta ẹyọ kan. Bàbá mi ṣẹ́ owó náà sí náírà, Ìyá àgbà sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ètè wọn ń ṣírò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé fóònù fún mi, wọ́n sì kọjú sí àwọn ọmọ wọn. Wọ́n ní ìwé ìjọba kọ́ ni àwọn ń wá. Wọ́n ní bí àwọn bá jókòó sílé, ta ni yóò máa kí àwọn láàárọ̀? Wọ́n ní ọmọ tó ra àkàrà náírà márùn-ún lọ́wọ́ àwọn nígbà kan ti ń gbé ọmọ tirẹ̀ wá báyìí, Mọ́mì Èkó sì fẹ́ kí àwọn lọ jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ bá mi wá ẹni tí yóò máa bó ẹ̀wà. Ẹ bá mi fi páànù bo ibi tí mo ń jókòó sí. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ mi ni màá fi dìde."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn, bó bá parí. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń dín in lọ́sẹ̀ báyìí dípò mẹ́fà. Dádì Ìbàdàn ló kan páànù. Ọmọbìnrin tó ń bó ẹ̀wà, Mọ́mì Èkó ló ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù, kò sì pẹ́ dé rí. Síbẹ̀, bó bá wá sí Ifẹ̀, ọ̀nà mìíràn ló ń gbà wọlé, kì í gba Sábó.

Alẹ́ ọjọ́ ìpàdé yẹn ni bàbá mi ṣí ìgò wáìnì náà. Ó ṣàlàyé odò, ó ṣàlàyé oko, ó ní kí Ìyá àgbà kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n fajú ro. "Ẹmu ìjẹta lẹ gbé la òkun kọjá wá fún mi?" Dádì Ìbàdàn ló mu ìyókù. Ìgò ni Ìyá àgbà gbà. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n ní ó nípọn ju gbogbo ìgò tí àwọn ní lọ, òróró ló sì wà nínú rẹ̀ báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada ní Sábó, tòun ti bébà àjàrà tó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Àwọn oníbàárà a máa bèèrè. Nínú gbogbo ìròyìn Bahia tí mo rò fún wọn, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n mú lò: odidi àlùbọ́sà tí wọ́n ń jù sínú epo. Wọ́n ní òótọ́ ni, epo kì í tètè jóná mọ́.